Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe lè ṣa fídíò interlaced kúrò láàárín progressive? Fáìlì òde àtijọ́ ní Àkúrẹ́

Oníkámẹ́rà Ìjàpọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Fáìlì 140 ló wà nílẹ̀ nínú hard disk kan: VHS tí wọ́n gbé wọ kọ̀ǹpútà, MiniDV, DVD òde, AVCHD, ti fóònù náà sì wà níbẹ̀. Ìgbéyàwó, òkú àgbà, ọdún Ulefunta, gbogbo rẹ̀ lọ́ mọ́ra. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣa èyí tó jẹ́ interlaced (tí kámẹ́rà ya fírémù rẹ̀ ní ìdajì ìlà, ìdajì ìlà) sọ́tọ̀ kúrò lára progressive (tó ya fírémù tán lẹ́ẹ̀kan), kí n má baà máa ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. MediaInfo, ètò tó ń ka àlàyé inú fáìlì, ń pe òmíràn ní Interlaced, mo wò ó títí, n kò rí eyín òòyà kankan, ìyẹn ìlà gígé tó máa ń hàn lára ohun tó ń rìn. Ó ń pe òmíràn ní Progressive, eyín òòyà sì wà lára gbogbo ẹni tó ń jó. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì

Ojú rẹ ni, àbúrò mi. MediaInfo kì í wo àwòrán. Àmì tí ẹni tó ṣe fáìlì lẹ̀ mọ́ ọn ló ń kà. Ẹni tó ka ohun tí wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì láìṣí ìdérí rẹ̀ kò tíì mọ̀ bóyá epo ni àbí kẹrosíìnì.

Bí àmì yẹn ṣe máa ń purọ́ nìyí. Kámẹ́rà AVCHD tí wọ́n tò sí 25p (fírémù progressive 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) sábà máa ń kó àwòrán rẹ̀ sínú 50i (field 50, ìyẹn ìdajì fírémù): field méjèèjì jẹ́ ti àkókò kan náà, àwòrán mọ́, síbẹ̀ àmì á sọ Interlaced. Ẹni tó bá gé fídíò interlaced lórí timeline progressive, tó sì export rẹ̀ láì tú u (deinterlace), á bí òdìkejì rẹ̀: àmì á sọ Progressive, eyín òòyà á wà nínú rẹ̀ digbí. Àwọn AVI tó ti inú ẹ̀rọ USB olówó pọ́ọ́kú jáde, èyí tí wọ́n fi ń gbé VHS wọ kọ̀ǹpútà, lè má ní àmì kankan rárá.

Síbẹ̀, máa kọ́kọ́ fi ffprobe (ó máa ń bá ffmpeg wá, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí) ka àmì náà, torí ó máa ń dín iṣẹ́ kù:

`ffprobe -v error -select_streams v:0 -show_entries stream=codec_name,width,height,r_frame_rate,field_order -of default=nw=1 ode.mpg`

tt ni TFF, ìyẹn ni pé field òkè ló ṣáájú. bb ni BFF, field ìsàlẹ̀ ló ṣáájú. unknown ni pé ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n gíga àwòrán ni kí o tẹjú mọ́ jù. Èyí tó bá ga ní 720, mú un kúrò. Kò sí 720i nínú ìlànà tẹlifíṣọ̀n. Mú ti fóònù kúrò pẹ̀lú, progressive ni wọ́n. Èyí tó bá ga ní 576, 480 tàbí 1080 ló yẹ kó lọ fún àyẹ̀wò gidi.

Àlàgbàká 1080

Ìyá ti là á. Irinṣẹ́ tó ń wo inú àwòrán gan-an ni idet, ó sì ti wà nínú ffmpeg:

`ffmpeg -hide_banner -nostdin -ss 60 -i ode.mpg -map 0:v:0 -vf idet -frames:v 1000 -f null -`

Kò ní kọ fáìlì kankan, kíkà lásán ni. Fírémù 1000 ti PAL jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 40. MiniDV gidi lè mú irú èyí jáde:

`Repeated Fields: Neither: 996 Top: 2 Bottom: 2`
`Single frame detection: TFF: 3 BFF: 702 Progressive: 41 Undetermined: 254`
`Multi frame detection: TFF: 0 BFF: 961 Progressive: 22 Undetermined: 17`

Single ń dá fírémù kọ̀ọ̀kan lẹ́jọ́ lọ́tọ̀. Multi ń wo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí Undetermined rẹ̀ fi kéré. Multi ni kí ẹ máa kà, àfi níbi telecine, ìyẹn fídíò 24p tí wọ́n kó sínú fídíò interlaced.

Fún ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń wá: PAL ní fírémù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n kámẹ́rà interlaced kì í ya fírémù tán lẹ́ẹ̀kan. Á ya ìlà 1, 3, 5 lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú-àáyá, á ya 2, 4, 6. Ẹ dá fídíò dúró níbi tí onígángan ti ń sọ kọ̀ǹgọ́ kalẹ̀. Kọ̀ǹgọ́ kan á di méjì, tí wọ́n gé ní ìlà tín-ín-rín, tí wọ́n sì ki bọ inú ara wọn bí òòyà méjì tí eyín wọn há síra. Ara ìlù tó wà lábẹ́ apá rẹ̀, tí kò mira, á dúró gbọin. Ohun tí idet ń wá nìyẹn. Á mú ìlà fírémù tó wà lọ́wọ́, á fi ìlà fírémù tó ṣáájú àti ti èyí tó tẹ̀ lé e dí àlàfo rẹ̀, á wá wọn èyí tó bá ara mu jù. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ju èkejì lọ ní ìlọ́po 1.04, interlaced ni, ẹ̀gbẹ́ náà ló sì máa sọ bóyá TFF ni tàbí BFF. Tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá dọ́gba, tí ìlà fírémù náà fúnra rẹ̀ sì bá ara mu ju wọ́n lọ ní ìlọ́po 1.5, progressive ni. Tí kò bá já sí ọ̀kankan, Undetermined. Ẹ lè yí intl_thres àti prog_thres padà, ṣùgbọ́n ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ibi tí ẹ ti ń mú fírémù ló máa ń ba àbájáde jẹ́, kì í ṣe òǹkà wọ̀nyẹn.

ỌmọEkimọgun

Fún fáìlì púpọ̀, lórí Linux tàbí Git Bash lórí Windows:

`shopt -s nocaseglob`
`for f in *.mpg *.avi *.mp4 *.mts; do`
`  [ -e "$f" ] || continue`
`  echo -n "$f: "`
`  ffmpeg -hide_banner -nostdin -ss 60 -i "$f" -map 0:v:0 -vf idet -frames:v 1000 -f null - 2>&1 | grep "Multi frame" | tail -n 1`
`done`

Ìlà àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ torí pé kámẹ́rà máa ń kọ .MTS ní lẹ́tà ńlá, bash kò sì ka MTS àti mts sí ohun kan náà. 2>&1 ṣe pàtàkì: stderr ni ffmpeg ń sọ̀rọ̀ sí, láìsí i grep ò ní rí nǹkan kan. Ẹ fi tail sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹ̀yà ffmpeg kan máa ń tẹ àbájáde jáde lẹ́ẹ̀mejì, tí ti àkọ́kọ́ á jẹ́ òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àlàgbàká 1080

Ó dára, àmọ́ -ss 60 (kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú-àáyá 60) nìkan kò tó. Nínú fídíò òde, ìṣẹ́jú kejì sábà máa ń jẹ́ títúlù tàbí alága ìjókòó lẹ́yìn gbohùngbohùn. Kò sí ohun tó ń rìn níbẹ̀. Interlaced tí kò rìn kò ní eyín, idet kò sì ní rí ohun tó máa fi dá a lẹ́jọ́: Undetermined ló sábà máa pè é. Ẹ mú ibi mẹ́ta: ẹ fi `for s in 60 600 1800; do … done` yí ìlà ffmpeg ká, kí -ss di `-ss $s`, ẹ sì dín fírémù kù sí 500 níbi kọ̀ọ̀kan. Fáìlì tí kò tó ìṣẹ́jú kan kò ní fún yín ní òǹkà kankan. Ẹ fi -ss 0 sí irú wọn. Ibi tí ijó wà, tí wọ́n ti ń náwó, tí agbádá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, òun ni òǹkà rẹ̀ ṣeé gbára lé.

Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì

Bí mo ṣe máa ń ka òǹkà náà: gbé Undetermined sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o wá wo ìdá tí TFF àti BFF kó nínú ohun tó kù. Fi èyí kún ẹ̀yìn tail:

`| sed 's/.*TFF: *\([0-9]*\) *BFF: *\([0-9]*\) *Progressive: *\([0-9]*\).*/\1 \2 \3/' | awk '{t=$1+$2+$3; if(t) printf "%s %s %s %.0f%%\n",$1,$2,$3,($1+$2)*100/t}'`

Tó bá ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, interlaced ni. Tí kò bá tó 5 ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, progressive ni. Èyí tó bá wà láàárín, má ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá a lẹ́jọ́, ṣí i fúnra rẹ. Òté tèmi nìyẹn o, kì í ṣe òfin ffmpeg.

Tí o bá ṣí i, pa deinterlace inú ẹ̀rọ tó ń gbé fídíò jáde kọ́kọ́. Auto ni VLC máa ń wà, ó lè fi eyín pamọ́ fún ọ: wọ Video, Deinterlace, yàn Off, kí o máa tẹ E láti lọ ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Nínú mpv, àmì ìdánudúró lórí kíbọọ̀dù ló ń sún un síwájú, d ló ń tan deinterlace tó sì ń pa á. Jẹ́ kí àwòrán wà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Tí o bá fún fèrèsé náà pọ̀ kéré, eyín á yọ́ mọ́ra.

AfiGángan

Ohun méjì tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ. Àkọ́kọ́, páànù. Òrùlé páànù lókèèrè, àkàsọ̀ òkúta ní Òkè Ìdànrè, aṣọ òkè olónà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìlà rẹ̀ dùbúlẹ̀: gbogbo wọn ní ìlà tó ń yí padà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí eyín òòyà gẹ́lẹ́. Tí kámẹ́rà bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lórí wọn, idet lè pe progressive ní interlaced. Ẹ ó mọ̀ ọ́n torí pé TFF àti BFF á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Interlaced gidi kì í ṣiyèméjì, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń fara tì.

Èkejì, VHS. Ìsàlẹ̀ àwòrán VHS máa ń ní ìlà díẹ̀ tó ya gátagàta, níbi tí orí ẹ̀rọ ti ń pààrọ̀ ara wọn, ìdọ̀tí yẹn sì ń da idet láàmú. Ẹ gé etí kúrò fún àyẹ̀wò nìkan:

`-vf crop=iw-32:ih-32:16:16,idet`

Òǹkà tó gbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ pín sí méjì láì ṣẹ́kù. Tí ẹ bá fi 15 síbẹ̀, ìlà òkè á di ìlà ìsàlẹ̀, TFF á di BFF. Nínú 4:2:0 (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà pa àwọ̀ mọ́), crop á tún un ṣe fúnra rẹ̀ láì sọ fún yín. Nínú 4:2:2, tó wọ́pọ̀ nínú AVI láti USB, kò ní tún un ṣe. Ẹ má sì fi ohun tó ń nu ìdọ̀tí sí iwájú idet. Ó ń pa eyín rẹ́.

Oníkámẹ́rà Ìjàpọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Kí ló dé tí a ò fi ní kó gbogbo rẹ̀ sínú bwdif, irinṣẹ́ ffmpeg tó ń tú interlaced sí progressive, kí a gbàgbé àyẹ̀wò? Mo rí i níbì kan pé ohun tí progressive ń pàdánù kò tó nǹkan.

Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì

Ó tó nǹkan o. Nínú send_field, níbi tí field kọ̀ọ̀kan ti ń di odidi fírémù, ìdajì ìlà fírémù kọ̀ọ̀kan ni bwdif máa ń sọ nù, tó sì ń fojú bù padà. Ní 576, wo títúlù ìsàlẹ̀, orúkọ ìyàwó àti ọkọ: etí lẹ́tà á di àkàsọ̀, ìlà tín-ín-rín á máa ṣẹ́jú. Ohun tí o bá sọ nù nínú fáìlì progressive kò tún padà mọ́. Tí fáìlì bá jẹ́ àdàlù, bíi ti DVD tí wọ́n fi fọ́tò àti fídíò kámẹ́rà méjì so pọ̀, jẹ́ kí idet máa darí bwdif:

`-vf idet,bwdif=mode=send_field:deint=interlaced,fps=50`

idet ń fi àmì tuntun sára fírémù bó ṣe rí i, bwdif á sì fọwọ́ kan kìkì èyí tó gba àmì interlaced. fps=50 wà ní ìparí torí pé fírémù tí wọn ò tú á jáde lẹ́ẹ̀kan, èyí tí wọ́n tú á jáde lẹ́ẹ̀mejì; láìsí i, ìṣísẹ̀ fídíò á máa fò.

Bí o bá fẹ́ mọ ibi tí ìyípadà ti ṣẹlẹ̀ gan-an: `-vf idet,metadata=print:file=idet.txt`. Wá lavfi.idet.multiple.current_frame nínú rẹ̀. Pts_time tó wà lókè rẹ̀ ni àkókò.

Àlàgbàká 1080

Kí a fi ti field tó ṣáájú kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà lẹ́yìn tí wọ́n ti dá interlaced mọ̀ dáadáa. DV jẹ́ BFF, ìbáà ṣe PAL, ìbáà ṣe NTSC ti Amẹ́ríkà. HDV àti AVCHD 1080i jẹ́ TFF. DVD PAL sábà máa ń jẹ́ TFF. Tí idet bá ta ko èyí, ẹ gbà á gbọ́ ju tábìlì mi lọ, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò: ẹ tú ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá pẹ̀lú bwdif=mode=send_field, kí ẹ sún un ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹgọ́ gbọ́dọ̀ máa sọ̀kalẹ̀, kó máa sọ̀kalẹ̀. Tó bá sọ̀kalẹ̀, tó padà sókè díẹ̀, tó tún sọ̀kalẹ̀, ẹ ti yí field padà sódì. Ẹ fi setfield=bff tàbí setfield=tff síwájú bwdif.

ỌmọEkimọgun

Kámẹ́rà tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀. NTSC ni wọ́n: 720x480, fírémù 29.97. Interlaced lásán ni púpọ̀ nínú wọn, ẹ tú wọn bíi ti PAL, ẹ kàn fi 59.94 rọ́pò 50. Èyí tó le ni kámẹ́rà tí wọ́n tò sí 24p, bíi DVX100 ti NTSC. Nínú fírémù márùn-ún, mẹ́ta á mọ́, méjì á ní eyín. Single á fi bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún hàn ní interlaced. Repeated Fields á là á mọ́lẹ̀: Neither á wà ní nǹkan bí 60, Top bí 20, Bottom bí 20. Ẹ má tú u o, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà:

`-vf fieldmatch,bwdif=mode=send_frame:deint=interlaced,decimate`

fieldmatch á so field tó jẹ́ ìbejì padà mọ́ra, decimate á yọ fírémù tó tún ara rẹ̀ ṣe. Á padà di 23.976.

AfiGángan

Irú rẹ̀ wà nínú PAL pẹ̀lú, òun ló sì ń tan àwọn tó gbọ́n jẹ. Fídíò 25p tí field rẹ̀ ti yẹ̀ ní ẹyọ kan nígbà tí wọ́n ń gbé e wọlé. Field òkè fírémù yìí bá field ìsàlẹ̀ fírémù tó ṣáájú mu ní àkókò. idet á sọ pé interlaced ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì purọ́, torí fírémù kọ̀ọ̀kan ní eyín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò nílò títú. Ẹ fi -vf separatefields wò ó: nínú interlaced gidi, ọwọ́ oníjó á sún ní gbogbo field, nínú eléyìí, á sún, á dúró, á sún, á dúró. fieldmatch láìsí decimate á so ìbejì padà mọ́ra, ìlà 576 á sì pé.

Oníkámẹ́rà Ìjàpọ̀

Mo rí mẹ́rin tó ga ní 720, fírémù 25, tí nǹkan kan sì ń ṣe bíi omi lára ẹni tó ń rìn. idet sọ Progressive.

Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì

Wọ́n ti fẹ̀ 576i sí 720 láì tú u. Ìlà tó ti jẹ́ ọ̀kan-ọ̀kan ti yọ́ mọ́ra, ó ti di ìgbì fífẹ̀. Idet ò lè rí i, bwdif ò sì lè tú u. Má fi àkókò rẹ ṣòfò lórí wọn, padà sí kásẹ́ẹ̀tì tàbí DVD tí wọ́n ti wá. Ìdí nìyẹn tí scale fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn bwdif nígbà gbogbo. Ti NTSC tí wọ́n pò pọ̀ di PAL náà rí bẹ́ẹ̀: tú u bí o ṣe fẹ́, òjìji á kù lára ẹni tó ń jó.

Àlàgbàká 1080

Bí YouTube bá ni wọ́n ń lọ, ẹ tú u sí 50, kí ẹ wá gbé 4:3 sí 960x720: `bwdif=mode=send_field,scale=960:720,setsar=1`. YouTube kì í pa fírémù 50 mọ́ fún ohun tó kéré sí 720. Tí ẹ bá fi 576 sílẹ̀, ẹ ó pàdánù ìdajì ìṣísẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe làálàá lé lórí.

ỌmọEkimọgun

Ẹ̀gbọ́n, fún fáìlì 140, ẹ ṣe script náà kó lè máa bá iṣẹ́ lọ tí iná bá lọ láàárín. Ẹ jẹ́ kó kọ àbájáde fáìlì kọ̀ọ̀kan síbi tirẹ̀, kó sì fo èyí tó ti ṣe:

`[ -s "$f.idet" ] && continue`

Orúkọ ìgbà díẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, `> "$f.tmp" && mv "$f.tmp" "$f.idet"`. Láìsí mv yẹn, fáìlì tí iná já lórí rẹ̀ lè ní àbájáde ibi kan ṣoṣo nínú mẹ́ta, script á sì rò pé ó ti parí, á fò ó kọjá.